Owó Òṣìṣẹ́ Kì Í Ṣe Owó Ìjọba



Bí ẹnì kan bá fi owó pamọ́ sọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ná an láìsọ fún un, kí ni a ó pè yín? Gbogbo wa la mọ orúkọ náà. Kí ló dé tí a kò fi lè pe ìjọba bẹ́ẹ̀?

Kí òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2004 tó dé, ìjọba nìkan ló ń san owó ìfẹ̀yìntì fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè gorí gbèsè. Àwọn àgbàlagbà ń tò sínú oòrùn, àwọn mìíràn sì kú sórí ìlà. Òfin tuntun wá ní kí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Láti ọdún 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ti òṣìṣẹ́, ìdá 10 ni ti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni òfin fún un, lẹ́yìn tó bá san owó oṣù, láti fi owó náà ránṣẹ́.

N kò bá òfin yìí jà. Ohun tí mò ń bá jà ni ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń yọ owó náà tí wọn kì í fi í ránṣẹ́. Ìwé owó oṣù á ní wọ́n ti yọ ọ́. Àkáǹtì á ṣófo. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá jẹ gbèsè pẹ́ńṣọ̀n débi pé ní ọdún 2025 wọ́n fọwọ́ sí yíyá 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san án.

Wọ́n á ní kò sówó. Bí kò bá sówó, kí ni wọ́n yọ?

Àwọn kan nínú wa á ní, “Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣáà máa gbàdúrà.” Àmín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ka Jákọ́bù 5:4. Owó ọ̀yà tí wọ́n dá dúró ń ké, Ọlọ́run sì gbọ́. Ṣé etí ìjọ nìkan ni yóò di?

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn akápò tó ń fọwọ́ sí ìwé wọ̀nyí ń bá wa jọ́sìn. Òfin ọdún 2014 sì kan ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwé ìjọ náà wà níbẹ̀. Ìjọ tó ń jẹ owó olùkọ́ rẹ̀ kò lẹ́nu láti bá gómìnà wí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù yín. Bí kò bá dọ́gba, ẹ kọ̀wé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín àti àjọ PenCom létí. Ẹ̀yin aya àti ọmọ, ẹ rán wọn létí. Nígbà tí olóṣèlú bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ bi í: owó àwọn tó sìnlú dà?

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti béèrè. Àmín.