Ọmú àtọwọ́dá kì í ṣe ohun àfisára títí ayé

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìjọba ilẹ̀ Faransé gba nǹkan bí 30,000 obìnrin nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ yọ àpò sílíkónì ilé-iṣẹ́ PIP kúrò nínú ọmú wọn. Sílíkónì tí wọn kò ṣe fún ara èèyàn ni ilé-iṣẹ́ náà rọ sínú àpò ọ̀hún. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní Marseille dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún Jean-Claude Mas tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń rántí ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ayédèrú nìkan ló ń bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára pàápàá ń gbó. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé bí ó bá ṣe ń pẹ́ lára tó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nínú àwọn obìnrin tó fi í mú ọmú wọn tóbi, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó ní láti yọ ọ́ láàárín ọdún 8 sí 10.

Ṣé ó wá di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá? Rárá o. Kò sí ọjọ́ kan pàtó. Bí kò bá yọni lẹ́nu, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò ya, a lè fi í sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí èyí tó jẹ́ omi iyọ̀ bá jò, ọmú á fọn, a ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ti sílíkónì lè ya kí ẹni tó ni ín má mọ̀ rárá. Ìdí nìyí tí FDA fi ní kí wọ́n yẹ ti sílíkónì wò pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún, ní ọdún 5 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra wọn. Bí ọmú bá le, tó ń dunni, tó wú lójijì tàbí tó yí padà, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

A kò bá obìnrin kankan wí. Àwọn kan ṣe é fún ẹwà, àwọn mìíràn ṣe é lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ti gba ọmú wọn. Àwọn dókítà la ń bá wí: kí wọ́n tó gbowó iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ pé owó àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ mìíràn lè tẹ̀ lé e. Lójú tiwa, ẹni tí kò sọ èyí ti fi òtítọ́ pamọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, yálà ilé lẹ ti ṣe é tàbí ẹ̀yìn odi, ẹ gba káàdì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà àpò náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé irú kan kò dára, káàdì yẹn ni yóò sọ bóyá tiyín ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.