Eruku ọyẹ́ nìkan kọ́: ẹ jẹ́ ká máa wọn afẹ́fẹ́ wa lọ́dọọdún

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí imú gbẹ, tí ojú ọ̀run sì ṣú fún eruku, gbogbo wa a ní aṣálẹ̀ ló rán an wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa lọ. Èéfín ọkọ̀ àti ti zémìjàn kì í lọ.

Láti ọdún 2015 títí di 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀bá títì kan ní Kútọnu. Eruku kíkúnná tí ojú kò lè rí, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ni wọ́n ń wá. Tí a bá pín in dọ́gba fún ọdún, ohun tí wọ́n rí jẹ́ nǹkan bíi máíkírógíráàmù 32 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ní 2021 pé kò yẹ kó kọjá 5.

Àmọ́ ọdún méjì kò tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyálọ́jà tó bá fi ọjọ́ ọjà kan ṣírò èrè ọdún, ara rẹ̀ ló ń tàn. Bákan náà, bí a bá fi oṣù kìíní, ìgbà ọyẹ́, wé oṣù kẹfà, ìgbà òjò, a ó rò pé ìlú ti mọ́. Oṣù kìíní la gbọ́dọ̀ fi wé oṣù kìíní, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Beijing, ní Ṣáínà, nìyẹn. Òǹkà wọn jẹ́ 89.5 ní 2013; nígbà tó fi di 2020, ó ti wálẹ̀ sí 38. Wọ́n rí i pé òfin tí wọ́n ṣe lórí èédú àti ọkọ̀ so èso.

Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kpayo gbówó lórí. Ṣé èéfín dín kù lẹ́yìn náà? Láìsí òǹkà ọdún tó ṣáájú àti ti èyí tó tẹ̀lé e, àbá lásán ni ìdáhùn èyíkéyìí.

A ń rọ ìjọba àti àwọn alákòóso ìlú Kútọnu àti Àjàṣẹ́: ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ẹ̀bá títì àti inú ọjà, ẹ má gbé e kúrò lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹ sì máa kéde òǹkà rẹ̀ lórí rédíò ní èdè tí a gbọ́. Bí ẹ bá ní owó kò sí, owó ilé ìwòsàn tí onízémìjàn àti ìyá ọlọ́mọ tó ń tajà lẹ́bàá títì ń san ńkọ́?