Ẹ Má Na Ọmọ Tó Sọ Òótọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ló ń ṣí Facebook fún àwọn àbúrò wa? Ṣebí àwa náà ni! Ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 13 kó tó lè lò ó. Ọmọ ọdún 11 ni àbúrò mi obìnrin. Èmi fúnra mi ni mo bá a parọ́ ọjọ́ orí. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lálaalẹ́. Ó lóun náà wà ní JSS 1. Ó bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó fi káàdì ìpè ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó ya fọ́tò ara ẹ̀, "má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Ìgbà tí mo bá ọmọ náà tó ń sunkún ni mo tó mọ̀. Kí ló dé tí ò sọ? Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa nà mí."

Ẹ ò rí i? Abẹ́ pàṣán wa ni ọ̀daràn yẹn sá pamọ́ sí! Òfin Cybercrimes ọdún 2015 ka fífi íntánẹ́ẹ̀tì tan ọmọdé nítorí ìbálòpọ̀ sí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló máa gbọ́ ohun tí ọmọ ò lè sọ nílé?

Àwọn kan á ní ká kúkú gba fóònù. Gbà á, ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa yá lò! Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tó bá ní "má sọ fún ìyá ẹ", ìyá ẹ gan-an ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Tó bá sì sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pàṣán sílẹ̀. Ọmọ tá a nà nítorí òótọ́, irọ́ ni yóò pa lọ́la.