Ẹ Má Bẹ̀rẹ̀ ECG Láti Orí Fínfín

Bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́, ọ̀pọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a máa kó àwòrán ECG jọ sórí fóònù, a ó sì máa há orúkọ wọn sórí: eléyìí ni atrial fibrillation, ìyẹn ni heart block. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí kò dára, kódà bí ó bá tilẹ̀ fún èèyàn ní máàkì. Ojú tó dá àwòrán kan mọ̀ kò tíì mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ gbé ìwé ECG ẹlòmíràn sí i níwájú, kó má jọ ti orí fóònù, gbogbo rẹ̀ á dojú rú.

Àwa ará Osi ní àpẹẹrẹ nílé. Ìlú wa ni Areogun, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1954, ti ṣiṣẹ́. Bandele ọmọ rẹ̀ ló kọ́ Lamidi Fakeye níṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ní. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Alétúnlé ló ń yọ ojú, etí àti ọwọ́ jáde. Dídán ló ń mú un jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ìlà ojú àti irun. Ọ̀gá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fín irun sára igi tí kò tíì ní orí?

Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká máa ka ECG. Àkọ́kọ́: ṣé ó yára, àbí ó ń falẹ̀? Ṣé ó ń lọ déédéé? Mílímítà 25 ni ìwé náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àpótí ńlá kan jẹ́ 0.2. Bí ó bá ń lọ déédéé, ẹ ka àpótí ńlá tó wà láàárín QRS méjì, kí ẹ fi pín 300. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 75 ni. Bí kò bá lọ déédéé, ẹ ka QRS inú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tó ń sinmi.

Ìkejì: P dà? Ṣé gbogbo P ló ní QRS tirẹ̀? Ṣé àlàfo PR wà láàárín 0.12 sí 0.20? Ìkẹta: ṣé QRS tẹ́ẹ́rẹ́, àbí ó ti tó 0.12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ̀yìn èyí ni orúkọ kàn. Bí kò bá sí P, tí QRS ń wá ségesège láìní ètò, atrial fibrillation ti sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí P bá ń lọ tirẹ̀, tí QRS ń lọ tirẹ̀, complete heart block ni.

Àwọn kan á ní kò sí àkókò fún èyí nínú OSCE. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí ojú gbọ́dọ̀ dá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ní ventricular fibrillation kò lè dúró de ìṣirò. Ṣùgbọ́n ara tó ń gbọ̀n tàbí wáyà tó tú lè ya ìlà tó jọ ọ́. Ẹni tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ kò sí nínú ventricular fibrillation. Ẹ wo aláìsàn kí ẹ tó pariwo.

Ìdánwò á kọjá lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan á wọlé sí ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí dókítà onímọ̀ ọkàn kò sí nítòsí; láti Osi dé Ìlọrin kì í ṣe ìrìn kékeré. Á ní àyà òun ń sọ kúlúkúlú. Bí ó bá jẹ́ atrial fibrillation, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kó gba ibẹ̀ lọ dí iṣan ọpọlọ, kó sì di rọpárọsẹ̀. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ìyá náà, kó ka odindi ìṣẹ́jú kan, kó mọ̀ pé kò lọ déédéé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti di dókítà, bí ẹ bá gbé ìwé ECG síwájú wa ní wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi wá pé, “Kí ni orúkọ eléyìí?” Ẹ bi wá pé, “Mélòó ló ń lù?”