Àwòrán Tí Ń Gbọ́ràn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Físíìsì Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin bàbá àti ìyá onísọ̀ tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí nígbà tí ọjà bá dá díẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń san ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ẹni tí ó bá ń ra ọjà ni ó yẹ kí ó tú u wò.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń pè ní físíìsì. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di ẹnjiníà kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà náà yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa, àkọ́sórí ni àwọn ọmọ ń kọ́ ọ. Ohun èlò lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í jáde àfi bí ìdánwò WAEC bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ọmọ yóò máa ka orúkọ ohun tí kò fojú rí, bí ẹni tí ń ka orúkọ ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò rí. Bí ọjọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe bá wá dé, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n.

Èrò tèmi ni pé fóònù àti kọ̀ǹpútà lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí, kí òbí má sì tìtorí eré tí ọmọ ń fi fóònù ṣe sọ pé kò sí ohun rere kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ohun tí wọ́n ń tà fún wa lábẹ́ orúkọ kan náà. Èkínní ni àwòrán tí ń rìn, tí ọmọ yóò jókòó tì bí ẹni tí ń wo sinimá. Èkejì ni èyí tí mo ń pè ní àwòrán tí ń gbọ́ràn: ọmọ yóò fi ìka kàn án, yóò fi kún un, yóò yọ kúrò nínú rẹ̀, àwòrán náà yóò sì ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun gidi ti í ṣe nígbà tí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wo ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń wọn gaàrí kò tíì mọ gaàrí í wọ̀n. Ọjọ́ tí ó bá gba kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí ń ta aṣọ pè mí láìpẹ́ yìí pé, “Àlàájì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, gbogbo dátà tí mo rà ni ó fi ń wo fídíò, ó ní físíìsì ni.” Mo bi ọmọ náà ní ohun tí ó wò. Òótọ́ ni, físíìsì ni, lórí iná mànàmáná. Ó ka gbogbo orúkọ rẹ̀ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣì í. Mo wá ní, “Bí gílóòbù méjì bá wà lórí wáyà kan ṣoṣo, tí mo bá yọ ọ̀kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èkejì?” Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Kì í ṣe olódo. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fún un ní gílóòbù yọ rí ni.

Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí èyí pẹ́. Ní ọdún 2002, Barbara Tversky, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n tú wọn yẹ̀wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ohun tí àwòrán tí ń rìn sọ bá dọ́gba pẹ̀lú ohun tí àwòrán tí ó dúró sójú kan sọ, èyí tí ń rìn kì í sábà kọ́ ènìyàn jù ú lọ. Ìdí kan ni pé ó máa ń yára kọjá, ohun tí ojú rí kò sì tíì dé inú kí òmíràn tó dé. Nítorí náà kí òbí má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ mèremère gba owó lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èyí tí ń gbọ́ràn. Carl Wieman ni orúkọ ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo mọ̀ jù lọ. Òun pẹ̀lú Eric Cornell àti Wolfgang Ketterle ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2001. Ẹlòmíràn ìbá fi ògo náà jókòó. Ní ọdún 2002 ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder, tí wọ́n ń pè ní PhET, láti máa ṣe irú àwòrán wọ̀nyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn sì lè gba púpọ̀ nínú wọn sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó máa lò wọ́n lẹ́yìn náà láìná dátà mọ́.

Ẹ wo ti iná mànàmáná. Ọmọ yóò fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù sójú àwòrán, yóò so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá so ó dáadáa, iná yóò tàn, yóò sì rí àwọn róbótó kéékèèké tí wọ́n ń tọ́ wáyà lọ yí po, èyí tí ó dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti ọ̀pọ̀ àgbà pẹ̀lú, ni wọ́n gbà pé gílóòbù máa ń mu iná tí ó bá wọ inú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò jáde. Kí ọmọ gbé ẹ̀rọ tí ń wọn iná sí iwájú gílóòbù, kí ó tún gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀: iye kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Kí wá ni gílóòbù gbà? Ẹ fi ojú inú wo àwọn alábàárù tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin ibi tí ọkọ̀ já ẹrù sí àti ìsọ̀ yín. Ogún alábàárù tí ó wọ ìsọ̀ ni ogún tí ó jáde. Ẹrù orí wọn ni ìsọ̀ gbà, kì í ṣe alábàárù. Agbára ni ẹrù náà, bátìrì ni ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá tú tán, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó fi gílóòbù kejì tẹ̀ lé èkínní lórí wáyà kan náà. Àwọn méjèèjì yóò ṣe bàìbàì, bí ó bá sì yọ ọ̀kan, èkejì yóò kú. Bí ó bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tàn bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí iná pálọ̀ kò fi í kú nígbà tí gílóòbù yàrá bá jó. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí kò nílò àkọ́sórí kankan lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2005, Noah Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àwòrán yìí kọ́ ẹ̀kọ́ iná, kí àwọn yòókù fi gílóòbù, wáyà àti ẹ̀rọ ìwọ̀n gidi kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n fi àwòrán kọ́ ọ ni òye wọn jinlẹ̀ jù nínú ìdánwò. Nígbà tí wọ́n sì ní kí gbogbo wọn wá so ti gidi pọ̀, àwọn ni wọ́n tún ṣe é dáadáa jù, tí wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀ í sọ. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò bi mí pé ṣé kì í ṣe àwọn tí wọ́n ṣe ọjà náà ni wọ́n ń yìn ín. Ìbéèrè náà tọ́, ibẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é síta kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí àwọn tí ń ta fídíò fún wa kì í ṣe.

Mi ò sọ pé kí a ti láàbù pa o. Àwòrán ní irọ́ tirẹ̀. Àwọn róbótó tí ọmọ rí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú wáyà ilé wa, ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sábà tó mìlímítà kan láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná ń tàn lójú ẹsẹ̀ nítorí pé inú wáyà ti kún fún wọn tẹ́lẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń mira lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà, bí ọmọ bá fi wáyà so ẹnu méjèèjì bátìrì pọ̀ lójú àwòrán láìfi gílóòbù sí i, yóò rí iná tí ń jó lára rẹ̀, kò sì ní jó ẹnikẹ́ni. Èyí dára, nítorí ó lè ṣe àṣìṣe bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi pé iná ara ògiri ilé kì í ṣe iná ojú àwòrán, kò sì gbọdọ̀ lọ dán an wò níbẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí àwòrán àti ohun gidi jọ máa rìn. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ òwú, ẹ jẹ́ kí ó máa fì. Kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kàn án, ẹ bi í léèrè: bí a bá fi àgádágodo tí ó wúwo rọ́pò kọ́kọ́rọ́, ṣé yóò máa yára fì jù bẹ́ẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dán an wò lójú àwòrán, níbi tí ó ti lè gbé e lọ sínú òṣùpá pàápàá, kí ó sì tún dán an wò pẹ̀lú òwú. Ìwúwo kò yí i padà. Gígùn òwú ni ó ń yí i padà. Bí ó bá gùn ní mítà kan, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ yóò gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2; bí a bá gé e kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, yóò gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1. Kí ó ka mẹ́wàá, kí ó fi mẹ́wàá pín àkókò rẹ̀, aago fóònù yóò tó o. Bíbéèrè kí a tó tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí kò sọ ohun tí ó rò tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé òun ti kọ́ ohunkóhun.

Irú ìbéèrè báyìí kò ṣàjèjì nínú ìtàn àwọn Mùsùlùmí. Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tí ó ṣiṣẹ́ ní Káírò, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1040, ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Ó to àtùpà mélòó kan sí iwájú ihò kan tí ó wọ inú ibi tí ó ṣókùnkùn. Bí ó bá bo àtùpà kan, ojú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò parẹ́ lára ògiri, tí àwọn yòókù yóò dúró. Àtùpà àti ihò ni ó fi dán an wò.

Ilé tiwa náà kò sùn. Ní nǹkan bí ọdún 2005 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá yunifásítì MIT ti Amẹ́ríkà pa ọwọ́ pọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n pè ní iLab, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lo ẹ̀rọ láàbù gidi láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí yàtọ̀ sí àwòrán, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni ó wá yanjú: ohun èlò tí kò kárí.

Ó ku ti èdè. Ọmọ lè yí ohun gbogbo lójú àwòrán kí ó má sì mọ ohun tí ó rí, bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi bi í. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ẹ̀kọ́ wọn, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Kí olùkọ́ fi Yorùbá bi ọmọ ní ohun tí ó rò, kí ó tó wá fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń fẹ́ lé e.

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ti ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà kan tó láti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì mélòó kan, gílóòbù kéékèèké, wáyà àti òwú. Ẹ pín àwọn ọmọ sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnìkan má baà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn bá sì ní kò sí àyè fún irú nǹkan báyìí, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ọwọ́ kan bátìrì kẹ́yìn.