Ẹ Yé Fi Ìpara Wo Ebi

Mo ti gbọ́ ọ tó. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onídìrí ní Ìlaròó, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn polówó ìpara ní gáréèjì Ayétòrò, ìyá àgbà kan tún wá sọ ọ́ fún mi ní Ọjà-Ọ̀dàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní irun tó ń já, àrùn orí ni. Wọ́n ní bí orí bá ń pọ́n, tó ń yún, kòkòrò ló wọ̀ ọ́, ìpara tó bá ta dáadáa ni yóò sì lé e jáde. Wọ́n ní bí kò bá ta, kò ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, n kò sì ní í bá wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ti títa yẹn kò gba àsọyé. Kẹrosíìnì, omi bátìrì, kò sí èyí tí wọn kì í fi pa orí ọmọ. Omi bátìrì, ásíìdì ni! Awọ orí tó ti ń bó, tí ẹ tún da ásíìdì lé, jíjó ló ń jó.

Wọ́n á ní ẹnì kan lo ìpara náà, irun rẹ̀ sì hù. Irun tí ibà líle, ìbímọ tàbí ebi bá mú já kì í já lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń já. Bí ara bá ti rí ohun tó fẹ́, irun á tún hù fúnra rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Onípara kàn bá a lójú ọ̀nà, ó sì gba ọpẹ́.

Abọ́ oúnjẹ gan-an ni mo torí rẹ̀ mú kálàmù. Amúaradàgbà ni ara fi ń ṣe irun. Nígbà tí kò bá tó, ara á fi ìwọ̀nba tó kù tọ́jú ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, á sì fi irun sílẹ̀, nítorí àìsí irun kì í pa èèyàn. Ẹ wá wo ohun tí à ń jẹ nílẹ̀ Yewa. Láfún lọ́sàn-án, ẹ̀bà lálẹ́, ògì lásán fún ọmọ. Ẹ̀gẹ́ kún oko wa, a sì rò pé a ti yó. Nínú gíráàmù 100 gààrí, amúaradàgbà tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù kan lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó bíi 23. Ẹran inú ọbẹ̀, abọ́ bàbá ló ń bọ́ sí. Epo àti ata ni ọmọ ń lá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú, tí awọ wọn ń bó, tí wọ́n ń kú. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Ní 1935, ó gbé orúkọ tí àwọn Gàá ń pe àrùn náà sínú ìwé ìròyìn Lancet: kwashiorkor. Nígbà ogun abẹ́lé tiwa, láàárín 1967 sí 1970, gbogbo ayé rí i nínú àwòrán àwọn ọmọ Biafra.

Ẹ wo orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fínnífínní. Irun rẹ̀ kò dúdú mọ́, ó ti pọ́n rúsúrúsú, ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka méjì fà á díẹ̀, á tẹ̀lé yín lọ́wọ́, ọmọ náà kò sì ní ké. Nígbà mìíràn, irun kan ṣoṣo á dúdú níbì kan, á pọ́n níbì kan, á tún dúdú: ibi tó dúdú hù lásìkò tí oúnjẹ wà, ibi tó pọ́n hù lásìkò tí kò sí. Ohun tí ẹ ń wò nìyẹn tí ẹ fi ń sáré lọ ra ìpara! Àgbàdo tí ewé rẹ̀ ń pọ́n nínú oko yín, ṣé ewé lẹ ń kùn lọ́dà, àbí ẹ ń wá ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé adìyẹ ń yé lẹ́yìnkùlé àwọn ilé wọ̀nyí. Wọn ò ní í fún ọmọ lẹ́yin jẹ. Wọ́n ní ẹyin á sọ ọ́ di olè. Olè wo? Àwọn tó kó owó ìjọba ìbílẹ̀ jẹ, ṣé ẹyin ló kọ́ wọn? Ẹyin kan ṣoṣo ní amúaradàgbà tó bíi gíráàmù mẹ́fà. Ẹ ta ẹyin náà, ẹ fi owó rẹ̀ ra ìpara, ẹ wá fi ìpara ra orí ọmọ tí ẹ gba ẹyin lẹ́nu rẹ̀. Ta wá ni olè?

Ẹ má sọ fún mi pé kò sówó. N kò ní kí ẹ pa màlúù. Àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri wàrà. Ẹ̀wà wà, ẹ̀pà wà, ẹ lè lọ sóyà mọ́ ògì, ẹ lè gún edé sọ́bẹ̀ ọmọ. Owó ìpara ni kí ẹ fi rà á.

Ní ti orí tó ti pọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi òrí díẹ̀ rà á. Ẹ tú irun tí ẹ dì pinpin, kí ẹ sì jìnnà sí kẹ́míkà tí ń na irun títí yóò fi jinná. Bí ó bá pá róbótó-róbótó, tó ń yọ èépá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá, oògùn mímu láti ọwọ́ dókítà ni ti ìyẹn ń fẹ́, nítorí èyí tí à ń fi pa á kì í dé ìdí irun. Ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ mú un fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò tètè padà, ẹ má ṣe dúró se ẹ̀wà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, lónìí.