Ẹyẹ Ilẹ̀ Wa Tí Ń Bẹ Lókè Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ògèdè ni ẹ̀ga ń pè, àwọn ènìyàn ní ó ń pàtótó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò rí létí ẹni tí ó bá rò pé eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ.

Ní ìlú Tring, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Natural History Museum ti London ń tọ́jú awọ ẹyẹ tí iye wọn súnmọ́ 750,000. Òwú ni wọ́n fi kún inú wọn, wọ́n sì so ìwé pélébé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, èyí tí ń sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti pa wọ́n. Ẹyẹ Nàìjíríà ń bẹ nínú wọn. Nísisìyí, irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ń ya àwòrán ẹyẹ wọn, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ara ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Àjọ GBIF, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ń kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀.

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Ní 1967, Ratcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ èèpo ẹyin àṣá tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ìgbà pípẹ́ wò, ó sì rí i pé láti nǹkan bí 1947 ni èèpo náà ti ń fẹ́lẹ́ sí i. Oògùn apakòkòrò DDT ni ó fà á. Bí kò bá sí ẹyin àtijọ́, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní 1958 ni Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹyẹ dúdú olórí pupa kan, ìbátan ẹ̀ga, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis. Kò sí i níbòmíràn láyé àfi ní apá ìhín: Ìbàdàn, Ifẹ̀, àti Ìpẹru ní Rẹ́mọ wa níhìn-ín wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Igbó rẹ̀ ń tán, òun náà sì ń dínkù. Mélòó nínú àwa tí a wà ní Ìpara ni ó lè dá a mọ̀?

Àwọn kan ní àwòrán kò tó, kí wọ́n dá ẹyẹ wa padà. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jù ni pé iṣẹ́ náà kò lè pé láìsí ọwọ́ wa níbẹ̀. Àwọn òyìnbó àtijọ́ a máa kọ Ìjẹ̀bú ní "Jebu". Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, báwo ni akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú-Òde ni tàbí Rẹ́mọ? Ọdẹ ilé wa mọ igbó, ó sì mọ orúkọ ẹyẹ.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa tí ń lọ ṣe olùkọ́ ní abúlé gba orúkọ ẹyẹ lẹ́nu àwọn ọdẹ, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi. Kí ó fi àwòrán han àwọn ọmọ, kí ó sì kó wọn lọ sí igbó wò ó láàyè. Bí ó bá rí orúkọ ìlú tí a ṣì kọ, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ojú yóò tì wá bí ọmọ Rẹ́mọ bá di ẹni tí ó mọ ẹyẹ Ìpẹru nínú àwòrán nìkan.